Níbo Ni Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnnì Ń Gbà Lọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn òbí àti àwọn onímọ́tò ní Adó-Èkìtì nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Èkìtì kete, mo kí yín o. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì tí ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, tí ẹ ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ wá ba ọjà yín jẹ́, mo kí ẹ̀yin náà. Mi ò bá yín jà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: mọ́tò tí ẹ fi ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé, tí ẹ fi ń ná ọjà, tí gbogbo ilé ń kó sí lọ́jọ́ ọdún, ó ń mu ọ́ìlì. Ẹ ń rọ ọ́, ó ń gbẹ. Kí ni ká ṣe sí i?

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó tú u. Ohun tí mo ní láti sọ nìyẹn, gbogbo ìyókù àlàyé ni. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú palẹ̀ pátápátá, tí ó sì jẹ́ pé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń jẹ́ kí ọ́ìlì jò.

Ọ́ìlì kì í ṣàdédé pòórá. Ọ̀nà méjì ló sábà máa ń gbà jáde: ó ń jò bọ́ sílẹ̀, tàbí ó ń ráyè wọ ibi tí iná ti ń jó nínú silíńdà, tí ó sì ń bá èéfín gba sàlẹ́ńsà lọ. Ọ̀nà kẹta wà, ìyẹn kí ó wọ inú omi rádíétọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í pẹ́ hàn: omi á yí àwọ̀, á nípọn, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná jù. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí.

Kí á tó dá mọ́tò lẹ́bi rárá, ẹjọ́ kan wà tí kì í ṣe tirẹ̀. Gálọ̀nù ọ́ìlì tí gbogbo wa ń rà, lítà 4 ló wà nínú rẹ̀. Corolla 1.8 tí ó kún Adó yìí, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ́ 1ZZ, lítà 3.7 ló ń gbà bí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì pọ̀ mọ́ fílítà. Camry 2007 oní-2.4, èyí tí a ń pè ní Muscle, lítà 4.3 ló ń gbà. Sienna oní-V6 3.3, lítà 4.7. Ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe: gálọ̀nù kan fún Corolla, gálọ̀nù kan fún Muscle, gálọ̀nù kan fún Sienna. Ti Corolla á kọjá àmì. Ti Muscle kò ní í dé àmì. Ti Sienna á ti sún mọ́ ìsàlẹ̀ géèjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ alámì tí a fi ń wọn ọ́ìlì, láti ọjọ́ tí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, onímọ́tò á fa géèjì yọ, á ní, “Ẹ wò ó, ó ti mu ún!” Kò mu nǹkan kan. Wọn ò fún un tó ni. Èyí tó sì kọjá àmì kò sàn jù ú lọ, nítorí kíráńkì, irin ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, lè máa na ọ́ìlì náà di ìfófòó, èyí tó bá ráyè á bá afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà àtẹ́gùn lọ sínú iná. Ẹ wo iye tí ìwé atọ́nà ọkọ̀ yín kọ, kí ẹ sì ra lítà kan-kan kún gálọ̀nù bí ó bá yẹ.

Bí a ṣe ń wo géèjì náà ní tirẹ̀. Ẹ gbé mọ́tò sí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní ìlú olókè bí tiwa, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀pọ̀ àgbàlá ilé wa ló dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ọ́ìlì á sì wọ́ sí apá kan súmpù, ìyẹn agbada ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, géèjì á wá parọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ pa á, ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì tó wà lókè lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà dé ìdí, ẹ tún fà á yọ. Èyí tí ẹ fà yọ lẹ́ẹ̀kejì ni kí ẹ kà. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, láti àmì ìsàlẹ̀ dé ti òkè tó bíi lítà kan.

Ẹ wá mú ìwé kékeré kan, ẹ fi sínú àpótí iwájú mọ́tò. Lọ́jọ́ tí ọ́ìlì bá wà ní àmì òkè gan-an, ẹ kọ iye tí mítà ìrìn kà sílẹ̀. Ìgbàkígbà tí ẹ bá rọ kún un, ẹ kọ iye tí ẹ rọ, ẹ sì kọ iye tí mítà kà lọ́jọ́ náà. Ó tán. Ẹ má fi oṣù wọ̀n ọ́n o. Mọ́tò tí kò kọjá Ajílósùn sí Ọjà Ọba láti Ajé dé Ẹtì, àti èyí tó ń lọ Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, oṣù kan wọn kì í ṣe ọgbọọgba.

Mélòó ló wá pọ̀ jù? Ní ọdún 2011, Toyota kọ ìlànà fún àwọn mẹkáníìkì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lórí ẹ́ńjìnnì Muscle oní-2.4 yìí: bí mọ́tò bá ń mu ju kúọ́ọ̀tì kan lọ láàárín 1,200 máìlì, àìsàn ni. Kúọ́ọ̀tì kan ku díẹ̀ kó pé lítà kan. 1,200 máìlì jẹ́ nǹkan bíi 1,930 kílómítà, bí ẹni lọ sí Èkó láti Adó tó sì bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Volkswagen ní tirẹ̀ máa ń kọ ọ́ sínú ìwé atọ́nà pé mọ́tò lè mu tó ìdajì lítà nínú 1,000 kílómítà láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe é. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: iye kan náà ni àwọn méjèèjì ń pè. Nítorí náà, èmi gba ìdajì lítà ní 1,000 kílómítà gẹ́gẹ́ bí ààlà. Èyí tí kò bá tó o, ẹ rọ kún un, ẹ sùn dáadáa. Ẹ kàn rántí pé tọ́kùnbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni mítà rẹ̀ ń kà. 1,000 kílómítà kò ju bíi 620 lọ lójú mítà náà.

Iná pupa tó rí bí kẹ́tùrù ọ́ìlì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé iná yẹn ń ṣọ́ iye ọ́ìlì fún wọn. Kò ṣọ́ ọ. Agbára tí ọ́ìlì fi ń sáré nínú ẹ́ńjìnnì ló ń ṣọ́, kì í sì í sábà tàn títí tí páńpù á fi máa fa afẹ́fẹ́ dípò ọ́ìlì. Bí ẹ bá ń gba kọ́nà òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí iná náà ṣẹ́jú pẹ́rẹ́ tó sì kú, ọ́ìlì ti kéré débi pé ó wọ́ kúrò lẹ́nu páńpù nígbà tí mọ́tò tẹ̀. Ẹ dúró síbi tí kò séwu, ẹ pa á, ẹ rọ ọ́ìlì. Ẹni tó bá ní òun á kọ́kọ́ délé, ó ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnnì náà ti nọ́ọ̀kù kó tó dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ jíjò kò gba àsọtúnsọ. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò mọ́jú, ẹ wo ibi tí ó kán sí. Ẹ wo eteetí tápẹ́ẹ̀tì kọfá (ìdérí orí ẹ́ńjìnnì), ìdí fílítà, nọ́ọ̀tù súmpù tí wọ́n ti fún jù, síìlì iwájú kíráńkì àti ti ẹ̀yìn tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà. Èyí tó máa ń jò kìkì nígbà tí mọ́tò bá ń sáré kò ní í hàn lórí páálí. Ẹ fọ ẹ́ńjìnnì náà mọ́, ẹ gbé e rìn, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì náà: bí ọ́ìlì bá dúró sínú ihò púlọ́ọ̀gì, rọ́bà tápẹ́ẹ̀tì kọfá ló ti gbẹ. Iṣẹ́ tí kì í gba ọjọ́ kan ni.

Bí kò bá jò, a jẹ́ pé ó ń jó. Ibí ni ọ̀rọ̀ wà.

Pístìn ni irin tó ń lọ sókè-sódò nínú silíńdà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ríǹgì mẹ́ta. Àwọn méjì tó wà lókè ló ń sé agbára iná mọ́. Ẹ̀kẹta ni ríǹgì ọ́ìlì: òun ló ń ha ọ́ìlì kúrò lára ògiri silíńdà, tó sì ń dá a padà sísàlẹ̀ gba àwọn ihò wíwẹ́ ara pístìn. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń sẹ́ ògì, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí eèrí bá dí ojú asẹ́: omi á dúró sókè, kò ní í rọ́nà lọ. Bó ṣe ń rí nínú ẹ́ńjìnnì náà nìyẹn. Ọ́ìlì tó ti pẹ́ jù, tó ti jóná, á di ẹ̀gbin dúdú líle, á dí ihò, á sì lẹ ríǹgì mọ́ ojú ihò rẹ̀. Ọ́ìlì tí kò rọ́nà padà sílẹ̀ á dúró lára ògiri, iná á sì jó o. Àìsàn Muscle oní-2.4 gan-an nìyí. Àwọn Camry 2007 sí 2009 àti RAV4 2006 sí 2008 ló mọ̀ ọ́n jù, àtúnṣe tí Toyota sì fọwọ́ sí ni pístìn tuntun pẹ̀lú ríǹgì tuntun. Honda náà ní tirẹ̀: ẹ́ńjìnnì V6 tó máa ń fi àwọn silíńdà kan sinmi nígbà tí ìrìn bá rọ̀, nínú Accord 2008 sí 2012 àti Pilot 2009 sí 2013.

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ gbọ́ èyí o, nítorí ó ti tan ọ̀pọ̀ lára yín. Ẹ máa ń wọn kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí silíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ó dáa. Bí ó bá kéré, ẹ bu ọ́ìlì ṣíbí kan sínú silíńdà náà, ẹ tún wọ̀n ọ́n: bí ó bá gòkè, ríǹgì ló rẹ̀, bí kò bá gòkè, ẹ wo fálùfù, àwọn ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n àwọn ríǹgì méjì òkè ni kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n ń dán wò. Ríǹgì ọ́ìlì lè ti lẹ̀ pátápátá, kí kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n sì dára bíi ti tuntun. Ẹ ó wá sọ fún Alhaji pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le koko, òun náà á sì máa ra lítà ọ́ìlì lọ. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì wò. Èyí tó bá tutù fún ọ́ìlì dúdú ló ń fi silíńdà tó ń mu ún hàn yín.

Èéfín náà ń sọ̀rọ̀. Tó bá dúdú, epo bẹntiróòlù ló pọ̀ jù. Tó bá funfun tí kì í lọ bọ̀rọ̀, omi ni. Èyí tó ní àwọ̀ aró ni ti ọ́ìlì. Ẹ wo ìgbà tí ó ń jáde. Bí ó bá jẹ́ pé òwúrọ̀ nìkan ni, tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná, tó tú pùù tó sì dá, síìlì fálùfù ló ti gan. Ọ́ìlì ń kán gba ẹ̀gbẹ́ fálùfù mọ́jú. Bí ó bá ń tú nígbà tí ẹ ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, tí kò dáwọ́ dúró, ẹ fura sí ríǹgì. Ilẹ̀ wa sì fún wa ní ibi ìdánwò kan tí àwọn ará Èkó kò ní. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn, tí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, tí ẹ jẹ́ kí gíà dá mọ́tò dúró, ẹ́ńjìnnì á máa fa afẹ́fẹ́ gidigidi, á sì fa ọ́ìlì mọ́ ọn níbi tó bá ti rí àyè. Bí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ tí ẹ tún tẹ tọ́rótù, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá yín wo sàlẹ́ńsà. Bí èéfín aró bá tú jáde nígbà yẹn, ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ fálùfù tàbí ríǹgì kọjá. Àmọ́ ẹni tí kò rí èéfín, kó má yọ̀ jù: ẹ́ńjìnnì lè mu ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ kí ojú má rí i.

Kí ẹ tó gba pé ríǹgì ni, ẹ wo PCV. Fálùfù kékeré kan ni, òun ló ń jẹ́ kí èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà lọ jóná. Bí ó bá ṣí sílẹ̀ tí kò padé mọ́, á máa fa ọ́ìlì lọ sínú iná. Bí ó bá dí, agbára inú ẹ́ńjìnnì á máa ti ọ́ìlì jáde gba ara àwọn síìlì, ẹ ó sì rò pé síìlì ló bàjẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ẹ yọ ọ́, ẹ mì ín. Bí kò bá dún, ẹ ra òmíràn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lára owó tí ẹ fẹ́ fi tú ẹ́ńjìnnì, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé ìgbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń wò ó.

Ọ́ìlì kíki ńkọ́? “Ẹ gbé 20W-50 sí i, á gbé e.” Òótọ́ ni pé ọ́ìlì tó ki kì í tètè kọjá lára ríǹgì tó ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì oní-VVT-i, irú èyí tó ń fi agbára ọ́ìlì yí àsìkò tí fálùfù ń ṣí padà, ní àwọn ojú ọ̀nà tóóró tí wọ́n ṣe fún 5W-30 tó ṣàn jù ú lọ, ọ́ìlì kíki sì máa ń pẹ́ kó tó gòkè débẹ̀ láàárọ̀. Bí mọ́tò bá ti rìn púpọ̀, ẹ lè gòkè díẹ̀, 5W-40 tàbí 10W-40, ẹ tún máa fi ìwé yín ṣọ́ ọ bóyá ó yí padà. Àwọn oògùn inú ike kékeré tí wọ́n ń tà fún ọ́ìlì jíjò ń mú rọ́bà wú fún ìgbà díẹ̀ ni. Mi ò ní bá ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò rẹ̀ lọ́la jà, àmọ́ ẹni tó fẹ́ gùn ún, kó pààrọ̀ rọ́bà. Ayédèrú ọ́ìlì sì wà nígboro. Bí ẹ bá ti tú ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì tán, ẹ dá ike gálọ̀nù náà lu kí ẹ tó sọ ọ́ nù, nítorí inú irú ike bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rọ ọ́ìlì tí wọ́n ti lò sí, tí wọ́n ń tà á fún ẹlòmíràn.

Bí ìwé yín bá wá fi hàn pé ó ti kọjá ààlà, tí kò jò, tí PCV rẹ̀ dára? Ọ̀nà mélòó kan ló kù. Ẹ lè dá oògùn tí ń tú ẹ̀gbin sínú silíńdà gba ojú púlọ́ọ̀gì, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ṣùgbọ́n kí púlọ́ọ̀gì má ì tí ì wọlé nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ yí ẹ́ńjìnnì, kí oògùn náà lè tú jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè tẹ kọ̀nrọ́ọ̀dù, irin tó so pístìn mọ́ kíráńkì. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kì í ran àwọn mìíràn lọ́wọ́. Bí kò bá ṣe é, ẹ tú u, kí ẹ fi pístìn àti ríǹgì tuntun sí i. Èyí tí mi ò fẹ́ràn ni kí ẹ ju ẹ́ńjìnnì Muscle nù, kí ẹ lọ ra Belgium, ìyẹn ẹ́ńjìnnì àlòkù tó ti òkè òkun wá, irú rẹ̀ gan-an. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ọdún kan náà ni, pístìn tó ní ihò wíwẹ́ kan náà ló wà nínú rẹ̀. Kí ló fi dá a yín lójú pé ẹni tó tà á ní ìlú Òyìnbó kò tà á nítorí ọ́ìlì?

Ẹ sì lè má tún nǹkan kan ṣe. Ẹ ṣírò iye lítà tí ẹ ń rọ lọ́dún, ẹ fi wé owó títú ẹ́ńjìnnì. Fún mọ́tò tó ti dàgbà, tí kò rìn jù, lítà ọ́ìlì lè dínwó jù. Mi ò rí ìtìjú kankan nínú ìyẹn, bí ẹ bá ṣáà ń wo géèjì.

Ìbéèrè pọ̀, díẹ̀ nínú wọn nìyí. Ìyá kan tó wá láti Ìjerò ní mọ́tò òun ń tú èéfín láràárọ̀ tí òun bá fẹ́ gbé ọmọ lọ sílé-ìwé, á sì dá kí wọ́n tó dé títì, mẹkáníìkì sì ti ní àfi kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ ní kó kọ́kọ́ wo síìlì fálùfù.” Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ láìsọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe tilẹ̀ máa ń fi afẹ́fẹ́ gbé fálùfù dúró tí wọn ò fi ní í ṣí tọ́ọ̀pù silíńdà rárá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bèèrè pé bí òun bá kàn ń rọ kún un, ṣé òun tún nílò láti pààrọ̀ ọ́ìlì, nígbà tó jẹ́ pé tuntun ló ń wọlé lójoojúmọ́. Ó nílò rẹ̀, àní ju ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀gbin inú ọ́ìlì kì í jó tán, fílítà kò sì í tún ara rẹ̀ ṣe. Ọ́ìlì tó ń jó náà á máa ba púlọ́ọ̀gì jẹ́, á sì pa kátálísì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sàlẹ́ńsà, níkẹyìn, bí àwọn tó ń gé e tà kò bá tí ì gé tirẹ̀ lọ.

Ẹnìkan fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe lè mọ̀ kó tó ra tọ́kùnbọ̀. Mo ní kó dé láìròtẹ́lẹ̀, kó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá gbóná, oníṣòwò ti ṣíná kó tó dé, èéfín àárọ̀ ti lọ. Kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kò sì fi bò. Ó ní, “Ọ̀gá, gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí, a mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí mo bá wọn kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n, tí mo yọ púlọ́ọ̀gì, tí mo fi ọjọ́ kan wá ibi tó ń jò, oníbàárà á ní, ‘Kí lo pààrọ̀?’ Bí mi ò bá pààrọ̀ nǹkan, kò ní í san kọ́bọ̀.” Àwọn tó wà lẹ́yìn pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní kí àwọn onímọ́tò fúnra wọn dá a lóhùn. Ilé dákẹ́ díẹ̀, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá kan ní ọwọ́ iwájú wá ní òun á san owó àyẹ̀wò, bí wọ́n bá kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé fún òun. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní òun á kọ ọ́, kí bàbá náà ṣáà mú ìwé tirẹ̀ dání wá, èyí tó kọ ìrìn mọ́tò àti iye tó ń rọ sí, kí òun má baà bẹ̀rẹ̀ láti orí àbá.